Pẹ́dálì rọ́dà Logitech fún ẹni tó fẹ́ kọ́ bàálù onítáyà-ìrù: ẹsẹ̀ rí nǹkan kọ́, ìdí ò rí kọ́

Ẹni tó bá mọ̀ pé kí ọdún tó yípo òun á jókòó sínú Piper Cub tàbí Citabria, bàálù kékeré tí táyà kẹta wọn wà lábẹ́ ìrù dípò imú, pẹ̀lú olùkọ́, kí ó ra pẹ́dálì yìí. Ẹni tó kàn fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà fò káàkiri lálẹ́ kó tó sùn, kí ó fowó rẹ̀ ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ọ̀pá ìdarí tó ṣe é yí lọ́rùn ti tó o. Ẹyọ iṣẹ́ kan ni pẹ́dálì yìí ń ṣe: ó ń kọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì láti máa ṣiṣẹ́ kí ọpọlọ tó rán wọn. Nínú bàálù onítáyà-ìrù, iṣẹ́ ńlá ni ẹyọ kan náà.

Logitech G Flight Rudder Pedals ni orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀. Ẹni tó bá rí èyí tí wọ́n kọ Saitek sí lára, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ní 2016 ni Logitech ra Saitek lọ́wọ́ Mad Catz, ọjà náà sì ń lọ lábẹ́ orúkọ tuntun. Okùn USB kan ló ní, kò béèrè iná mìíràn. Ẹsẹ̀ kan ń lọ síwájú, èkejì ń bọ̀ sẹ́yìn: rọ́dà nìyẹn, ìtọ́kọ̀ tó wà níbi ìrù bàálù. Bí ẹ bá fi orí ẹsẹ̀ tẹ òkè pẹ́dálì, bíréèkì ni, tọ̀tún dá dúró, tòsì dá dúró. Ibi ìtẹ́sẹ̀ rẹ̀ ṣe é sún fún ẹlẹ́sẹ̀ ńlá àti ẹlẹ́sẹ̀ kékeré, bọ́tìnnì róbótó kan sì wà láàárín tí wọ́n fi ń mú un le tàbí kí wọ́n fi mú un rọ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ará Ìkòròdú ni pé kò sí ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ Nàìjíríà ti lè tètè bá irú bàálù yìí pàdé. TB-9 Tampico tí NCAT, ilé-ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfurufú ìjọba ní Zaria, fi kọ́ àìmọye awakọ̀, táyà imú ló ní. DA40 tí wọ́n ń lò ní Ilorin, táyà imú náà ni. Kódà Air Beetle tí wọ́n tò ní Kaduna, ara RV-6A ni wọ́n ti mú un jáde, lẹ́tà A tó gbẹ̀yìn orúkọ yẹn ló sì ń sọ pé táyà rẹ̀ wà nímú. RV-6 tí kò ní A ni táyà tirẹ̀ wà nírù. Àwọn àgbà tó wọ DC-3 Nigeria Airways láyé ọjọ́un ló mọ bí èèyàn ṣe ń gun òkè láàárín bàálù kó tó dé ìjókòó rẹ̀, nítorí pé ìrù wà nílẹ̀, imú wà lókè.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ lónìí á sọdá òkun, á sì máa ka dọ́là sílẹ̀ lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan. Òfin Amẹ́ríkà, 14 CFR 61.31, kò sọ iye wákàtí. Ohun tó béèrè ni kí olùkọ́ buwọ́ lùwé pé akẹ́kọ̀ọ́ mọ gbígbéra àti bíbalẹ̀, yálà atẹ́gùn ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ tàbí kò fẹ́, pé ó mọ bíbalẹ̀ orí táyà méjì, àti pé ó mọ bí a ti ń tún gbéra nígbà tí ìbalẹ̀ bá fẹ́ bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn a máa lò tó wákàtí 5 sí 10. Bí pẹ́dálì bá gé wákàtí 2 péré nínú rẹ̀, ó ti san owó ara rẹ̀ padà.

Kí ló dé tí gbogbo rẹ̀ fi di ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀? Ẹ wo tírélà tó ń wọ ọgbà ilé-iṣẹ́ ní Odógunyàn. Tó bá ń lọ síwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa tẹ̀lé e. Bí ó bá tiẹ̀ wọ́ díẹ̀, á tún ara rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n kí dírẹ́bà ki í sí ríbáàsì, wíwọ́ tó mọ níwọ̀n ìka á di ìwọ̀n apá kó tó ṣẹ́jú, àfi tó bá tètè dá ìdarí padà. Bàálù onítáyà-imú ni tírélà tó ń lọ síwájú, torí pé ibi tí ìwúwo rẹ̀ kó jọ sí wà níwájú táyà ńlá méjèèjì. Onítáyà-ìrù ni èyí tó wà ní ríbáàsì. Ìwúwo rẹ̀ wà lẹ́yìn táyà ńlá; bí imú bá yà díẹ̀, ìwúwo ẹ̀yìn á fẹ́ sáré gba ẹ̀gbẹ́ kọjá sí iwájú. Bí awakọ̀ bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan jáfara, ìrù á yí wá síwájú, orí ìyẹ́ kan á gbálẹ̀, ẹsẹ̀ táyà lè kán. Ground loop ni wọ́n ń pe ìyẹn. Kì í sábà pa èèyàn. Owó ló máa ń pa.

Abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú bàálù náà ò jẹ́ kó rọrùn. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Lycoming àti Continental, ọwọ́ ọ̀tún ni abẹ̀bẹ̀ ń yí sí lójú ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde ló sì ń fa imú sí òsì. Nígbà tí ìrù ṣì wà nílẹ̀, abẹ̀bẹ̀ dagun, apá ọ̀tún tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ ń bu atẹ́gùn ju apá òsì lọ. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ẹ̀yìn abẹ̀bẹ̀ jáde ń wé ara bàálù bí ọ̀já, á lọ gbá ìrù láti òsì. Nígbà tí ẹ bá wá gbé ìrù sókè lójijì, abẹ̀bẹ̀ tó ń yí bí òòyì á tún ju imú sí òsì lẹ́ẹ̀kan sí i, ní àkókò gan-an tí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ rò pé ó ti bọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dá gbogbo wọn lóhùn.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí pẹ́dálì yìí máa ní nílé wa kì í ṣe ti bàálù, ti ilẹ̀ ilé ni. Táìsì ló wà ní ọ̀pọ̀ pálọ̀. Bí ẹ bá tẹ rọ́dà tọkàntọkàn, pẹ́dálì á sá lọ síwájú. Bí àga yín bá jẹ́ ti ọ́fíìsì onítáyà, òun náà á sá sẹ́yìn, ẹ ó wá na tàn bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ ní ẹ̀bute Ìpakodò tó fi èkejì sínú ọkọ̀ ojú omi tó ti ń ṣí. Rọ́bà tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò tó. Ẹ ní kí káfíńtà gé plywood tó nípọn dáadáa, bíi sẹ̀ǹtímítà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn. Kó kan igi 2 by 2 mọ́ iwájú rẹ̀ láti dá pẹ́dálì dúró. Ẹsẹ̀ iwájú àga onígi, èyí tí kò ní táyà, ni kó wà lórí ẹ̀yìn pákó náà, kí ìwúwo ẹni tó jókòó lè mú gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, òun ló sì ń sọ pẹ́dálì yìí di ohun èlò. Láìsí i, nǹkan ìṣeré ni.

Ẹ má gbé ọ̀pá ìdarí sórí tábìlì. Cub kò ní ìdarí bíi ti mọ́tò, ọ̀pá àárín itan ló ní, ọwọ́ ọ̀tún ló ń mú un, tòsì wà lórí ọwọ́ iná, èyí tí wọ́n fi ń mú agbára ẹ́ńjìnnì pọ̀ tàbí dín in kù. Àpótí kékeré láàárín itan méjèèjì á gbé e ró. Bàtà pẹlẹbẹ ni kí ẹ wọ̀, tàbí kí ẹ má wọ nǹkan kan. Sílípáàsì máa ń há sábẹ́ pẹ́dálì. Gìgísẹ̀ wà nílẹ̀, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀ pẹ́dálì, kúrò lórí bíréèkì. Ẹni tó bá gbé gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lé e á máa tẹ bíréèkì mọ́ rọ́dà láìmọ̀, tó bá sì dé inú bàálù gidi, imú ni ó fi máa balẹ̀.

Ti iná mànàmáná: ilé-iṣẹ́ iná Egbin tí agbára rẹ̀ tó mẹ́gáwáàtì 1,320 kò jìnnà sí wa, ìyẹn ò sì ní kí iná má lọ láàárín ìbalẹ̀. Ẹni tó ń lo laptop yẹ kó mọ̀ pé bí iná bá lọ, tí ó bọ́ sórí bátìrì, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ á dín agbára àwòrán kù fúnra wọn. Àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ẹsẹ̀ á pẹ́ kó tó rí ohun tó ṣe, á tún tẹ̀ ẹ́ sí i, bàálù á máa jó. Bí X-Plane, ọ̀kan nínú àwọn ètò tí wọ́n fi ń fo bàálù lórí kọ̀ǹpútà, bá rí i pé òun ò lè yàwòrán tó 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣe ló ń fa àkókò gùn, tí gbogbo nǹkan á wá máa rìn bí ẹni tó sùn. Ohun tí ẹsẹ̀ bá kọ́ nínú irú ìyẹn, irọ́ ni. Ẹ dín ẹwà àwòrán kù títí tí yóò fi lé ní 30. Ìkùukùu tó rẹwà kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní rọ́dà.

Kí ẹ tó ṣí ètò kankan, ẹ kọ joy.cpl sí ibi Run nínú Windows, ẹ ṣí Properties. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá. Ìlà rọ́dà gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́ láàárín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé òpin lọ́tùn-ún, ẹ tẹ̀ ẹ́ dé òpin lósì. Kó dé ibi tó yẹ kó dé láìfò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá lọ sí Settings nínú X-Plane, ní Joystick, kí ẹ fún ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní iṣẹ́ wọn: yaw (rọ́dà nìyẹn), left toe brake, right toe brake. Àṣìṣe tó ń mú èèyàn bínú jù wà níbí. Bí ìlà bíréèkì bá yí sódì, kọ̀ǹpútà á gbà pé ẹ ń tẹ bíréèkì nígbà tí ẹsẹ̀ yín kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ ó tẹná dé òpin, bàálù á máa gbọ̀n lójú kan. Ẹ yàn án kó yí padà, ó parí.

Nínú ojúewé ibi tí wọ́n ti ń ṣètò bí ìdarí ṣe máa gbọ́ràn, ẹ rí i pé stability augmentation wà ní òdo fún gbogbo ìlà. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á máa bá yín tẹ rọ́dà díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì gbé ìwà ọ̀lẹ lọ bá olùkọ́. Nínú Microsoft Flight Simulator, auto-rudder àti àwọn ìrànlọ́wọ́ gbígbéra ni kí ẹ pa. Nínú FlightGear, auto-coordination ni orúkọ rẹ̀. Bọ́tìnnì àárín pẹ́dálì, ẹ mú un rọ̀ dé ibi tó bá lè rọ̀ dé: rọ́dà gidi kì í ní sípíríngì tó ń fa ẹsẹ̀ padà sí àárín bí èyí, pàápàá nígbà tí bàálù ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Nípa ètò tí ẹ máa lò, ká má fa ọ̀rọ̀ gùn. FlightGear, ọ̀fẹ́ ni, ó ní Piper J-3 Cub, dátà rẹ̀ ò wúwo. X-Plane 12 ní PA-18 Super Cub nínú, ó ṣe é lò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e wọlé tán, bí ilẹ̀ ṣe ń gbá táyà mú nínú rẹ̀ náà sì dára ju ti ọ̀fẹ́ lọ. Microsoft Flight Simulator ti 2020 béèrè àyè 150 GB, ó sì tún ń fa dátà bó ṣe ń lọ. Ẹni tó ń fi káàdì ra dátà ní Ìgbógbó á mọ ohun tí a ń sọ. X-Plane la fọwọ́ sí.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú pẹ́dálì yìí bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ lókè. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má gbéra rárá. Ẹ fa ọ̀pá sẹ́yìn dé ikùn kí táyà ìrù lè tẹ ilẹ̀ dáadáa, ẹ máa rìn ní ìwọ̀n ìrìn ẹsẹ̀ èèyàn, ẹ máa yà sí òsì, ẹ máa yà sí ọ̀tún bí ejò, torí imú ti dí ojú ọ̀nà. Ẹ wo ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe. Ẹ tẹ ọ̀tún, imú kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, ó ti yẹ kí ẹ ti tú ọ̀tún sílẹ̀, kí ẹ sì ti fi òsì kàn án díẹ̀ láti dá a dúró. Tẹ̀ ẹ́, tú u, dá a dúró. Ẹni tó bá dúró kí imú tó dé àárín kó tó tú ẹsẹ̀ ti pẹ́ jù, imú á kọjá sí òdìkejì, yóò tún lépa rẹ̀, ìlépa kẹta sì sábà máa ń jẹ́ ground loop. Ẹni tó bá ti wo awakọ̀ ojú omi tó mú ọwọ́ ẹ́ńjìnnì yamaha lẹ́yìn ọkọ̀ ti rí i: kì í dúró kí imú ọkọ̀ yà kó tó dá ọwọ́ padà.

Ọjọ́ kẹrin, ẹ lọ sí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ gígùn. Ti Ìkẹjà wà nínú gbogbo ètò wọ̀nyí, DNMM ni àmì rẹ̀, ojú ọ̀nà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 18R sì gùn tó mítà 3,900. Ẹ tẹná dé ìdajì, kí ìrù wà nílẹ̀, ẹ di ìlà àárín mú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ fa iná kúrò. Ẹ ó rí i pé bí iná ṣe ń wọlé imú ń lọ sí òsì, bí iná ṣe ń jáde ó ń lọ sí ọ̀tún. Ẹ ṣe é nígbà ogún kí ọ̀nà tó tán lójú yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé ìrù sókè, kí ẹ rọra gbé e. Ẹ gbé e lójijì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè rí ìfà sí òsì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìbalẹ̀ oríṣi méjì ló wà. Nínú ti táyà mẹ́ta, ẹ ó máa fa ọ̀pá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lókè ilẹ̀ ní bíi ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan, ẹ ó máa kọ̀ fún un láti balẹ̀, títí agbára ìyẹ́ á fi tán, tí táyà ńlá àti táyà ìrù á jọ kan ilẹ̀ pọ̀. Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ nìyí: táyà ńlá kàn án kí ìrù tó kàn án, ìyẹ́ ṣì lágbára. Ìwúwo ẹ̀yìn á fa ìrù wálẹ̀, imú á gbé sókè, ìyẹ́ á tún gbá atẹ́gùn mú, bàálù á tún fò padà pẹ̀lú eré tí kò tó nǹkan. Bí fífò náà bá kéré, ẹ di imú mú bó ṣe wà, ẹ jẹ́ kó padà wá. Bó bá ga ju ẹni kan lọ, ẹ tẹná, ẹ gbéra padà. Ohun tí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ máa fẹ́ ṣe ni kí wọ́n ti ọ̀pá síwájú láti wá ilẹ̀ kiri, ìyẹn gan-an ló ń sọ ìfò kan di mẹ́ta.

Ti táyà méjì, eré rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, imú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí táyà ńlá bá ti kan ilẹ̀, ẹ ti ọ̀pá síwájú bí ẹni fi ìka ti ilẹ̀kùn firíìjì pa, kí ìyẹ́ má lè gbé e mọ́. Kó tó kan ilẹ̀ ni àwọn kan ti ń tì í, abẹ̀bẹ̀ ló máa ń sanwó rẹ̀. Ibi tó léwu jù wá lẹ́yìn náà, nígbà tí eré ń dín kù tí ìrù ń bọ̀ wálẹ̀: atẹ́gùn tó ń kọjá lára rọ́dà kò tó nǹkan mọ́, táyà ìrù kò sì tíì dì mọ́ ilẹ̀. Fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, kò sí ohun tó ń darí bàálù bíkòṣe ẹsẹ̀ tó mọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Ní ibi yìí ni pẹ́dálì Logitech ti ju ọ̀pá tó ń yí lọ́rùn lọ bí ọ̀sán ṣe ju òru. Ẹni tó ń fi ọrùn ọwọ́ yí rọ́dà á máa fa ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìmọ̀, ìyẹ́ á dagun.

Atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ lẹ ó fi kún un níkẹyìn. Atẹ́gùn Èkó sábà máa ń wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ẹ fi sí dìgírì 240, nọ́ọ̀tì 10, kí ẹ balẹ̀ sí 18L, ojú ọ̀nà kejì tó dojú kọ gúúsù: ó tó nọ́ọ̀tì 8.7 tó ń ti ọ̀tún gbá yín. Ìyẹ́ ọ̀tún lọ sílẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ òsì di imú mú, táyà ọ̀tún ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Lẹ́yìn tó bá sì ti kàn án, ẹ máa fi ọ̀pá kún ọ̀tún bí eré ṣe ń dín. Ẹ wá yí atẹ́gùn sí 120, kí ẹ gbéra. Òsì ni atẹ́gùn ti ń wá, imú fẹ́ dojú kọ ọ́, abẹ̀bẹ̀ náà ń fà á síbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yín á mọ̀ pé iṣẹ́ ti dé. Bí ẹ bá ti di ọ̀gá lórí ọ̀nà gbàràmù ti Ìkẹjà, ẹ wá ojú ọ̀nà koríko tó há, torí ọ̀nà fífẹ̀ máa ń dárí ẹ̀ṣẹ̀ jini jù.

Àléébù rẹ̀ ńkọ́? Ìdí lèyí tó tóbi jù. Nínú bàálù gidi, ìdí tó wà lórí ìjókòó ló kọ́kọ́ ń gbọ́ pé ìrù ti fẹ́ sá, kí ojú tó rí i. Àga onígi kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ẹ̀kejì ni ojú: nígbà tí ìrù wà nílẹ̀, etí ọ̀nà lápá òsì àti ọ̀tún ni awakọ̀ ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò láti mọ̀ bóyá òun ń yà. Ojú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ti gé etí méjèèjì kúrò. Bí ẹ bá mú ìríran gbòòrò sí i nínú Settings, tí ẹ sì gbé ìjókòó sókè, ó dín kù, kò tán. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni bíréèkì. J-3 Cub kò ní bíréèkì lórí pẹ́dálì, gìgísẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ tirẹ̀. Ẹni tó bá ti fi orí ẹsẹ̀ mọ́ bíréèkì nílé á máa wá a níbi tí kò sí. Nítorí náà, ẹ fi bíréèkì sílẹ̀ pátápátá nígbà ìdánrawò àyàfi tí ẹ bá fẹ́ dúró.

Wákàtí tí ẹ bá lò nílé kò ṣe é kọ sínú ìwé wákàtí awakọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ontajà kankan sọ fún yín pé ó ṣe é kọ.

Ẹni tí pẹ́dálì yìí wúlò fún jù, kì í tiẹ̀ ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ẹni tó ti gba ìwé àṣẹ Amẹ́ríkà ni, tó ń gbé ní Ìkòròdú, tó ń fò nígbà tó bá lọ kí ẹbí lókè òkun. Òfin wọn, 61.56, ní kó ṣe flight review, àtúnyẹ̀wò ìfò pẹ̀lú olùkọ́, lóṣù 24 lóṣù 24: ó kéré tán, wákàtí 1 ẹ̀kọ́ ilẹ̀ àti wákàtí 1 lójú òfurufú. Bó bá ṣe é ní 10 oṣù kẹta 2025, títí di 31 oṣù kẹta 2027 ló ṣe é lò. Ìwé àṣẹ Nàìjíríà, NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú nílẹ̀ wa, ló ni òfin tirẹ̀, ẹ má da méjèèjì pọ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ń lo wákàtí méjì yẹn bí ẹni san owó orí: olùkọ́ á béèrè ìbéèrè mẹ́ta nípa òfin, wọ́n á yí ọ̀tún, wọ́n á yí òsì, wọ́n á balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ á bọ̀wé. Kì í ṣe ìdánwò, kò sí pé ẹnì kan kùnà. Bí kò bá tẹ́ olùkọ́ lọ́rùn, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀kọ́ ni, ẹ ó sì tún padà wá. Nígbà tí kò sí ìkùnà, kí ló dé tí èèyàn á fi wá lọ ṣe ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ẹ pe olùkọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ sọ fún un pé inú onítáyà-ìrù lẹ fẹ́ ṣe é. Bí iṣẹ́ bá pé, ó lè buwọ́ lu méjèèjì, ti flight review àti ti táyà ìrù, owó kan náà.

Ẹ kọ ohun tí ẹ ń bẹ̀rù ránṣẹ́ sí i: atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́, ìfò lẹ́yìn ìbalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì kú ní kété tí ẹ gbéra, yíyà sí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti tẹ rọ́dà jù. Wákàtí ilẹ̀, ẹ má jẹ́ kó fi ka òfin sí yín létí. Ẹ mú ìwé ìwúwo bàálù náà wá, kí ẹ jọ ṣírò ibi tí ìwúwo máa kó jọ sí pẹ̀lú ẹni méjì àti epo ìdajì, torí bó bá ṣe ń lọ sẹ́yìn tó ni ìrù ṣe ń fẹ́ yí tó. Kí ẹ sì béèrè pé bí atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ bá tó nọ́ọ̀tì mélòó ni òun fúnra rẹ̀ kò ní gbéra. Òfin kan tún wà tí àwọn tó ń bọ̀ láti bàálù onítáyà-imú sábà máa ń gbàgbé: kí ẹ tó gbé èrò, ẹ gbọ́dọ̀ ti gbéra kí ẹ sì ti balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ 90, nínú onítáyà-ìrù ìbalẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí bàálù dúró pátápátá. Kíkan ilẹ̀ ká tún máa lọ kò wọlé. Ìdúró yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìn-àjò, ogójì ìṣẹ́jú lójúmọ́ lórí pẹ́dálì ti tó. Ju ìyẹn lọ, ẹsẹ̀ á rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í le gbagidi, méjèèjì á máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmì rẹ̀ ni pé orúnkún yín kò rọ̀ mọ́. Ẹ dìde.

Àwọn tó bá a dupò: Thrustmaster TFRP fúyẹ́, ó sì ń yọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra jù, ẹni tó bá ga á máa rò pé òun ń gun kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Thrustmaster TPR dára ju méjèèjì lọ, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kì í fara kan ara wọn, nítorí náà kò ní jẹ. Owó rẹ̀ ni kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tówó rẹ̀ kò tó ti Logitech, Extreme 3D Pro tí ọrùn rẹ̀ ń yí á gbé e dé ibi kan, kó má kàn retí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ́ nǹkan níbẹ̀.

Ẹ̀rọ oní-potentiometer, sẹ́ńsọ̀ tí apá kékeré kan ń fara ha ojú rẹ̀ nínú, kì í fẹ́ràn eruku àti ọ̀rinrin ọ̀sà. Ẹ fi aṣọ bò ó lẹ́yìn lílò. Bí ìlà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lójú joy.cpl, ẹ ra contact cleaner ti àwọn tó ń tún fóònù ṣe, kì í ṣe WD-40 ti mẹkáníìkì, ẹ fọ́n ọn síbi sẹ́ńsọ̀, ẹ tẹ rọ́dà lọ-bọ̀ ní ìgbà ọgbọ̀n, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bí ó bá kù díẹ̀, null zone kékeré nínú X-Plane á bò ó. Ẹ má jẹ́ kó pọ̀, ibi tí rọ́dà kò ti gbọ́ ni bàálù ti ń sá lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á ní Computer Village, pàápàá èyí tí wọ́n ti lò lókè òkun, ẹ gbé laptop yín dání. Ẹ so ó mọ́ ọn níwájú ontajà, ẹ ṣí joy.cpl, ẹ wo ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí rẹ̀ àti láìsí ẹsẹ̀. Ẹ mi okùn USB rẹ̀ níbi tó ti wọ inú ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá pòórá lójú Windows, okùn ti ń já. Ẹ yí bọ́tìnnì àárín dé òpin méjèèjì, ó gbọ́dọ̀ le, ó sì gbọ́dọ̀ rọ̀. Bí ontajà bá ní kò sí àyè láti dán an wò, ẹ gbé e padà sórí tábìlì rẹ̀, kí ẹ bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.